Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó: ohun tí ọdún 30 lórí pápá kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, mo kí yín. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá fẹ̀yìn tì. Mo ti jókòó láti kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ fún yín kí n tó kó ẹrù mi, àmọ́ ohun tí mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá da ètò náà rú. Kóòṣì kan nínú yín dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ó so fèrè kọ́rùn, ó ń pariwo mọ́ ọmọkùnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó di ojúgun mú: "Ṣé ilé ìyá ẹ lo wà ni? Iṣẹ́ sójà la ń ṣe níbí!"

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ méjì àkọ́kọ́. Ẹ máa kọ àkókò ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ má fi sórí. Ẹ sì máa wo ìsàlẹ̀ bàtà wọn, ibi tó ti jẹ ló ń sọ bí ọmọ ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Ẹ ti mọ ìwọ̀nyẹn. Ẹ̀kẹta ni mi ò lè sáré sọ.

Ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ sójà" yẹn ni mo fẹ́ mú. Èmi náà máa ń sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ojú ogun rí. Ẹni tó rí i ni Bill Bowerman. Wọ́n bí i ní 1911 ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní eré ìdárayá ní ìlú Medford kí Ogun Àgbáyé Kejì tó gbé e lọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ ní ìjà orí òkè, 10th Mountain Division, ló bá dé Ítálì. Ní Fébúárì 1945, àwọn ọmọ ogun tó wà láàárín wọn fi òru gun òkè Riva Ridge, níbi tí àwọn Jámánì ti rò pé kò sẹ́ni tó lè gbabẹ̀ yọ. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé Bowerman lọ́wọ́ ni pé kí nǹkan tí àwọn ọmọ ogun nílò máa dé ọ̀dọ̀ wọn, kó sì máa tọ́jú àwọn ìbaaka tó ń ru ẹrù. Nígbà tí ogun fi ń parí, ó ti di olórí bàtálíọ̀nù, ó sì wà lára àwọn tó bá àwọn Jámánì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Silver Star níbẹ̀.

Mo gbà pé ìbaaka kọ́ ọ ní nǹkan. Ẹran tí a kò bá jẹ́ kó sinmi, àárín ọ̀nà ni yóò dùbúlẹ̀ sí, tòun tẹrù.

Ó dé Yunifásítì Oregon ní ìlú Eugene ní 1948 láti máa kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní eré sísá, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 24. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹrin: 1962, 1964, 1965 àti 1970. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní kóòṣì, olùkọ́ ló ka ara rẹ̀ sí. Bàtà wọn ló ń rò tọ̀sán-tòru. Ní 1964, òun àti Phil Knight tó ti kọ́ ní eré sísá dá 500 dọ́là 500 dọ́là, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ bàtà Nike ti jáde. Agbada tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se wáfù, irú àkàrà òyìnbó kan, láàárọ̀ ló da rọ́bà sí láti fi ṣe ìsàlẹ̀ bàtà. Gọ́ọ̀mù tó ń lò nínú yàrá tí kò ní atẹ́gùn ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, títí kò fi lè fi bàtà tó ṣe sáré mọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí.

Ẹ wo bí sójà yìí ṣe ń kọ́ ọmọ: bí òní bá le, ọ̀la yóò rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Kenny Moore, kò mọ bí a ti í sinmi. Bowerman kìlọ̀ fún un pé bó bá sá kọjá ìwọ̀nba tí òun fún un, kò ní sá fún Oregon mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó padà wọ eré ìje, ó sá eré tí kò sá irú rẹ̀ rí. Moore yìí ló ṣe ipò kẹrin nínú máráthọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì Munich ní 1972. Ní Munich yẹn kan náà, Bowerman ni olórí àwọn kóòṣì eré sísá Amẹ́ríkà. Òru tí àwọn agbébọn wọ ibùwọ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, Shaul Ladany, eléré ìdárayá Ísírẹ́lì kan tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, sá wá bá a. Bowerman ní kí wọ́n fi sójà Amẹ́ríkà ránṣẹ́ kí wọ́n wá ṣọ́ àwọn eléré òun. Ibi tí iṣẹ́ sójà ti wúlò nìyẹn.

Ká ní mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ ṣáájú ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí ni.

Mo ní ọmọbìnrin kan tó ń sá mítà 1,500. Ìgbà ọyẹ́ ni, ilẹ̀ pápá wa le bí òkúta. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà nígbà náà ti sọ fún mi pé bí mi ò bá mú góòlù wálé, owó oúnjẹ àwọn eléré ìdárayá yóò dópin. Mo fi ọmọ náà sá mítà 800 lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ Ajé. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo tún un ṣe lọ́jọ́rú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ní, "Ojúgun ń dùn mí, sà." Mo bi í pé ṣé ó lè rìn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ẹni tó lè rìn lè sáré." Ó so okùn bàtà rẹ̀, mo rí i tó ń gé ètè ìsàlẹ̀ jẹ, mo fọn fèrè.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ìdíje. Ó wà níwájú fún àyíká méjì. Ní ìkẹta, lápá òdìkejì pápá, ó jókòó. Kò ṣubú, ó kàn jókòó sórí ilà bí ẹni tí wọ́n fún ní ìjókòó, àwọn yòókù ń sá kọjá lára rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n yà ní ọsibítù fi hàn pé eegun ojúgun ti sán láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi níbẹ̀ láti ìdí fùfú tó ń tà. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó ní, "Kóòṣì, alaalẹ́ ló ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo ní kó lọ sọ fún yín. Ó ní òun ti sọ."

Àwọn ọ̀gá wa kọ kúẹ́rì sí mi, wọ́n ní mo fi ìwà àìbìkítà ba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lọ wo ọmọ náà. Inú ṣì ń bí mi sí wọn títí dòní, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kankan lórí pápá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi ni fèrè wà.

Eegun rẹ̀ jinná, kò sáré ìje mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ nípa Bowerman níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn kóòṣì. Bí olùkọ́ ṣe ń ṣàlàyé ọjọ́ líle àti ọjọ́ ìrọ̀rùn, mo dìde, mo jáde, mo dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí ojú mi fi gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi bírò pupa kọ "ìsinmi" sínú ìwé àkókò mi, ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ méjì líle, ọmọ fẹ́, ọmọ kọ̀. Bí ọmọ bá sì ní ibì kan ń dun òun, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú eegun náà fúnra mi. Bó bá jẹ́ ojú kan pàtó ló ti ń fò sókè, eré ti parí títí dókítà yóò fi wò ó.

Mo mọ̀ pé mo ní ohun márùn-ún. Àwọn méjì tó kù lè dúró.

Ìwọ kóòṣì tí mo rí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo mọ̀ pé wàá ka èyí. Mi ò lè pariwo mọ́ ọ lójú àwọn ọmọ, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sílé. Ọmọ tó di ojúgun mú yẹn, apá òsì ni, ìka mẹ́rin sókè láti ọrùn ẹsẹ̀. Má jẹ́ kó sáré lọ́la. Mú un lọ ya fọ́tò. Bí owó kò bá tó, wá sílé mi kí ilẹ̀ tó ṣú.