Ẹ má ka òjò nìkan, ẹ ka ọjọ́ tí omi fi dúró

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́ títọpa ẹ̀fọn ní Èkó, ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé òjò fúnra rẹ̀ kì í bí ibà. Omi tó dúró ló ń bí i, ibi tó dúró sí ló sì ń sọ irú ẹ̀fọn tí yóò jáde. Ẹni tó bá fi òjò oṣù kẹfà wé iye aláìsàn oṣù kẹfà kan náà yóò rí i pé wọn ò bára mu, yóò wá máa wí pé ojú ọjọ́ kò kan ibà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò, ọjọ́ 7 sí 14 ni. Nínú ooru Èkó, ó sábà máa ń sún mọ́ 7. Lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò ibà, kòkòrò náà gbọ́dọ̀ dàgbà nínú rẹ̀ kó tó lè ràn. Ẹ yọ 16 kúrò nínú ìwọ̀n ooru ní Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí ẹ fi èyí tó ṣẹ́kù pín 111, iye ọjọ́ tí kòkòrò náà yóò lò nìyẹn. Ní 27, ọjọ́ 10 ni. Ní 25, ó lé díẹ̀ ní 12. Ẹni tí wọ́n jẹ yóò tún lo bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó gbóná. Nítorí náà, oṣù kan sí méjì lẹ́yìn òjò ni kí ẹ máa wò. Ooru Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín ọdún, omi ni kí ẹ tọpa níbí.

Omi wo? Anopheles, irú ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, fẹ́ràn omi tó mọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń bà: ipa táyà lójú títì tí kò lọ́dà, ihò ìpìlẹ̀ ilé, etí àbàtà. Culex, irú ẹ̀fọn mìíràn, ló ni gọ́tà dúdú àti sókàwéè tó ya. Òun ló ń kùn sí wa létí ní Múṣin àti Ajégúnlẹ̀, kì í sì í gbé ibà. Ọ̀pọ̀ owó oògùn ni wọ́n ti dà sí gọ́tà nítorí ariwo rẹ̀.

Etí ọ̀sà tún yàtọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọ ọ̀sà, á sọ ọ́ di oníyọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fọ iyọ̀ náà lọ. Anopheles melas, ọ̀kan nínú àwọn Anopheles, fara da iyọ̀, àwọn Anopheles yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ lè fara dà á. Àbàtà kan náà lè bí ẹ̀fọn ọ̀tọ̀ ní oṣù kejì àti oṣù kẹfà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ọ̀sà bá kún, gọ́tà ò rí ibi da omi sí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni: Gómìnà William MacGregor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, tó ṣe ìjọba níbí láti 1899 sí 1904, mú kí wọ́n gbẹ́ ojú omi láàárín Èkó àti Ìkòyí láti fa àbàtà gbẹ.

Òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá máa ń gbá tanwíjí lọ nínú gọ́tà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó dá ni kí ẹ lọ wo kòtò tó ṣẹ́kù, nítorí òun ló ń bí ẹ̀fọn.

Aedes, irú ẹ̀fọn kẹta, tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti dengue, àìsàn ara gbígbóná mìíràn, kò tilẹ̀ dúró de òjò. Nígbà tí omi ẹ̀rọ bá dá, tí mẹ́ruwà ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri, oníkálukú á rọ omi sí dúrọ́ọ̀mù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀dá wa a wá di òjò fún un. Àwọn táyà àlòkù tó ń gba omi dúró ní ọjà Ládípọ̀ náà ńkọ́! Dída omi nù kò tó, torí ara dúrọ́ọ̀mù, lókè ibi tí omi dé, ló ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà lè gbẹ fún oṣù púpọ̀, kó sì pa tí omi bá tún kàn án. Kànrìnkàn ni kí wọ́n fi fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dé e pa. Ọ̀sán ló ń jẹni, nítorí náà àwọ̀n orí bẹ́ẹ̀dì ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́.

Tí ẹ bá lọ bu omi wò, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú omi, tanwíjí á rì. Kọ́ọ̀pù funfun tó ní igi ìdìmú, tó gba 350 mílílítà, ẹ dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi rọra ṣàn wọlé, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, létí koríko, kì í ṣe láàárín. Bó bá rú, ẹ dúró ìṣẹ́jú 2 sí 3. Tanwíjí tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú omi, Anopheles ni. Èyí tó dorí kodò, Culex tàbí Aedes. Èyí tó ti tẹ̀ bí kọ́mà kò ní ju bí ọjọ́ méjì lọ kó tó fò. Bíbù tó ṣófo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àìkọ ọ́ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó wá, kí ẹ sì béèrè ibi tó sùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó lọ ṣe ìnáwó ní abúlé lè ti kó ibà rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ́ mọ́ Yábàá lọ́rùn.