Ẹ̀rọ Agégi Tó Ti Jọ́ọ̀sì Dé, Tó sì Pàdé Ìrókò

Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ agégi mi lọ sí Jọ́ọ̀sì láti gé igi yúkálípítọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ tó ń ké kíkankíkan nínú igbó Oǹdó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú, ó ń fà sẹ́yìn, ojú pílọ́ọ̀gì rẹ̀ sì dú bí ìdí ìkòkò. Kò sóhun tó ṣe epo. Jọ́ọ̀sì fi ohun tó lé ní mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju tiwa. Epo tí kábúrétọ̀, apá ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ń tú sílẹ̀ kò dín tó bí afẹ́fẹ́ ti dín, nítorí náà epo pọ̀ ju ohun tó lè jó tán. Bí a tilẹ̀ tún un ṣe, ẹ̀rọ náà yóò ṣì pàdánù bí ìdá 10 nínú 100 agbára rẹ̀ ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn.

Mẹkáníìkì kan níbẹ̀ yí síkúrúù H, èyí tó ń díwọ̀n epo tí ẹ̀rọ ń mu nígbà tó bá ń sáré, wọlé díẹ̀ láti dín epo kù, ohùn ẹ̀rọ là, mo sì parí iṣẹ́ mi. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo padà sí Oǹdó láìyí síkúrúù náà padà.

Nílé, afẹ́fẹ́ tó kún pàdé epo tí a ti dín kù. Ẹ̀rọ náà ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kò ní ọ́ìlì mìíràn tí pístìnì, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀, lè fi yọ̀: ẹni tó dín epo kù ti dín ọ́ìlì kù, ooru yóò sì pọ̀ sí i, nítorí epo tó ń wọlé náà wà lára ohun tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì tutù.

Ká ní arèrè ni mo gé, bóyá ìyà náà ì bá pẹ́ kó tó dé, nítorí arèrè rọ̀, ayùn a sì tètè là á kọjá. Ìrókò ni mo gé. Ó le tó ìlọ́po mẹ́ta arèrè, nígbà mìíràn a sì máa ní ohun funfun líle bí òkúta nínú, èyí tó ń pa ojú eyín ṣéènì. Eyín tó ti kú kì í ha igi ní ègé mọ́, lẹ́búlẹ́bú ló ń tú jáde, ẹni tó mú un lọ́wọ́ a sì máa fi gbogbo ara tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì tó ṣe fi ń ru ẹrù tó wúwo jù lọ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a tú u, ìlà gígùn ti ha ara pístìnì lápá ihò èéfín, ríìngì, òrùka irin tó yí pístìnì ká, sì ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan ń ṣe àtúnṣe epo fúnra wọn, irú bíi àwọn tó ní M-Tronic ti ilé-iṣẹ́ Stihl tàbí AutoTune ti ilé-iṣẹ́ Husqvarna, ṣùgbọ́n wọn kò lè pọ́n eyín fún ẹnikẹ́ni. Lórí tèmi, mo máa ń tẹ́tí sí i kí n tó gbé e lé igi: bí mo bá fún un ní iná tán, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe kólòlò díẹ̀, kó tó là nígbà tí eyín bá wọ igi. Bó bá ti ń dún gooro kó tó kan igi, epo rẹ̀ kéré, mo sì máa ń yí síkúrúù náà jáde. Bó bá jẹ́ ìrókò ni, mo ń fi fáìlì pọ́n eyín nígbàkígbà tí mo bá dúró rọ epo.