Omi òòfà: ìmọ́lẹ̀ tí kò fẹ́ kú bí mo bá gbé òòfà kúrò

Ó ṣiṣẹ́! Ìmọ́lẹ̀ gba inú omi òòfà (ferrofluid, omi tí ẹyọ irin wínníwínní tí òòfà ń fà wà nínú rẹ̀) kọjá lálẹ́ yìí, ara mi ò tíì balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Pípo rẹ̀ ti parí. Iron(III) chloride méjì sí iron(II) chloride kan (iyọ̀ irin ni méjèèjì), mo ta amóníà sí i, ó dúdú lójú ẹsẹ̀: magnetite, irin dúdú tí òòfà ń fà, nìyẹn. Mo fi omi bátìrì (omi mímọ́ gaara, kì í ṣe ásíìdì) fọ̀ ọ́, mo fi oleic acid, ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹyọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, bò ó, mo pò ó mọ́ kẹrosíìnì. Bí òòfà bá ti sún mọ́ ọn, ó ń yọ ẹ̀gún.

Ẹ jẹ́ n sọ ti amóníà o. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ti kú, kò ta sí imú rárá. Ojúlówó amóníà, bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, omi á dà lójú yín. Ọjọ́ta ni mo ti rí èyí tó dáa. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Ó wá ku ti ìmọ́lẹ̀. Mo kán ẹ̀kán kan sáàárín gíláàsì maikirosíkóòpù méjì, mo fi kútẹ́ẹ̀sì lẹ etí rẹ̀ pa kí kẹrosíìnì má baà gbẹ. Lésà pupa, pólárísà kan (awẹ́ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo kọjá) níwájú, èkejì lẹ́yìn, mo dábùú wọn títí ògiri fi ṣókùnkùn. Mo gbé òòfà inú hard disk àtijọ́ sí i, kí agbára rẹ̀ dábùú ipa ọ̀nà lésà. Nígbà tí mo yí i sí digíríì 45 sí pólárísà, pupa yọ lára ògiri! Mo yí i kó bá pólárísà kan dọ́gba, ògiri tún ṣókùnkùn. Ohun tí Quirino Majorana, onímọ̀ físíìsì ará Ítálì, rí nínú omi onírin ní 1902 nìyẹn. Ní 1907, Cotton àti Mouton, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, rí irú rẹ̀ nínú àwọn ohun olómi tí kò ní irin kankan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí mo bá gbé òòfà kúrò, ìmọ́lẹ̀ náà kì í lọ. Ó ń rọra ṣá ni. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ magnetite tó jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 10, ooru inú omi ti tó láti máa yí i síwá sẹ́yìn. Bí òòfà bá ti kúrò, kó tó di pé ẹ ṣẹ́jú, wọ́n ti fọ́n ká.

Mo kọ́kọ́ fura sí ooru lésà. Mo sún ojú ibi tó ń bọ́ sí, mo ń tàn án kí n máa pa á, kò yàtọ̀. Mo wá yọ pólárísà ẹ̀yìn kúrò. Bí òòfà bá wà níbẹ̀, ojú lésà tó rí róbótó á fà gùn di ìlà, bí mo bá yí òòfà, ìlà náà á yí tẹ̀lé e. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ẹyọ náà ti so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ìlà náà sì dábùú ẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Nígbà tí mo gbé òòfà kúrò, ìlà náà kúrú láti etí méjèèjì, àmọ́ kùkùté rẹ̀ kù láàárín. Kùkùté yẹn ló tú àṣírí: àwọn kan ti dì pọ̀, wọn ò tú mọ́.

Èrò mi ni láti fi kẹrosíìnì là á sí i lọ́la. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni mo rí i pé lílà kì í tú ohun tó ti dì, ó kàn ń dín iye rẹ̀ kù ni. Mo ti yí èrò padà. Mo ń lọ gbé ìgò náà lé orí òòfà tó lágbára kó sùn síbẹ̀.

Àárọ̀ ti mọ́. Ẹrẹ̀ dúdú ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò, òkè rẹ̀ pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo fi síríǹjì fa ti òkè, mo sì ṣe gíláàsì tuntun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ ti dín kù díẹ̀, àmọ́ bí òòfà bá ti kúrò, ògiri á ṣókùnkùn kíá. Ojú mi ò lè bá a mọ́!

Ohun tó kàn ni kí n fi photodiode (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná) rọ́pò ojú, kí n lè wọn bó ṣe ń yá tó. Nígbà tí mo bá tún pò, màá jẹ́ kó pẹ́ lórí iná títí òórùn amóníà á fi tán pátápátá kí n tó da kẹrosíìnì sí i, torí mo gbà pé ibẹ̀ ni oleic acid ò ti dì mọ́ wọn dáadáa. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ta photodiode tó yára ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.