Èèpo Ni Mo Fi Mọ̀ Wọ́n: Wíńtà Nínú Igbó Sydenham Hill

"Mọ́mì, ṣé gbogbo igi yìí ti kú ni?"

A ò tíì lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú igbó nígbà tí ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè, mi ò sì rí èsì fún un. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé ní Peckham, ní gúúsù London. Láti oṣù Bélú títí wọ Ẹrẹ́nà lọ́dọọdún ni igi máa ń dúró níhòòhò lójú mi, mi ò sì bi ara mi rí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Òtútù nìkan ló máa ń wà lọ́kàn mi: kí n wọ kóòtù, kí n tètè bá bọ́ọ̀sì, kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn.

Ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé àdúgbò wa ló gbé wa jáde. Ìrìn wákàtí méjì ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Amọ̀nà yóò wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ igi àti ewéko ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ́wé tán, kó máa bọ̀. Àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni. A wọ bọ́ọ̀sì 363, ó ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí ilé fi dínkù, tí igi sì pọ̀ sí i. Ìgbà àìmọye ni mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ sí Crystal Palace. Mi ò bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ rí.

Mọ́kànlá ni gbogbo wa. Obìnrin kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ṣamọ̀nà wa, ó dé fìlà olówùú, ó so gíláàsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi kọ́ ọrùn. Ó ní ká máa pe òun ní orúkọ. Ẹnu mi kò gbà á; "Ma" ni mo ń pè wọ́n títí a fi túká, wọ́n sì ń dá mi lóhùn.

Wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa. Sydenham Hill Wood àti Dulwich Wood tó fẹ̀gbẹ́ kàn án ni èyí tó tóbi jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù lára igbó ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Great North Wood, tó tẹ́ lọ láti ìhà Deptford dé ìhà Croydon láyé àtijọ́. Lára igbó yẹn ni àdúgbò Norwood ti gba orúkọ: Igbó Àríwá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Ìdí-Àpẹ àti Ìdí-Ayùnrẹ́ kì í ṣe tuntun sí mi, mo mọ̀ pé igi ló sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò wa lórúkọ. Àṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ní gúúsù London. Honor Oak tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní abẹ́ igi oak kan ni Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní jókòó sí lórí òkè níbẹ̀ ní 1602, ni wọ́n bá bu ọlá fún igi náà. Ìdí-Oak ni èmi ń pe àdúgbò yẹn báyìí.

Igbó tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ ni láyé ìgbà yẹn. Wọ́n máa ń gé igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, kùkùté á tún rú, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan wọ́n á tún gé e. Ibẹ̀ ni èédú ti ń wá, ibẹ̀ ni igi ọkọ̀ ojú omi ti ń wá fún Deptford. Èèpo oak, wọ́n ń bó o lọ fún àwọn tó ń ṣe awọ ní Bermondsey. Nígbà tí mo gbọ́ "èèpo" yìí, etí mi dìde.

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti mọ igi tí kò ní ewé nìyí. Ma ṣa ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn já sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Igi ash ni. Ìrudi rẹ̀, àwọn kókó kékeré ara ẹ̀ka, dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò tí igi ń jó lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, méjì-méjì ni wọ́n sì jókòó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n kọjú síra wọn. Kò sí igi ìbílẹ̀ mìíràn ní ilẹ̀ yìí tí ìrudi rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ti oak pupa bí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ẹ̀ka ni wọ́n kóra jọ sí bí ọmọdé tó yí àwo oúnjẹ po. Mo pa ojú dé, mo fi ìka wá ìrudi, mo dárúkọ igi. Mo gbà á. Mo tún ṣe é, mo tún gbà á. Mi ò mọ ìgbà tí inú mi dùn báyẹn kẹ́yìn ní ìta nínú òtútù.

Ash ń kú, ó yẹ kí n sọ ọ́. Àrùn kan tí olu ń fà, tó ti Ìlà-Oòrùn Éṣíà wá, ni wọ́n rí ní Bìrìtìkó ní 2012, ó sì ti ń pa wọ́n láti ìgbà náà. Ma fi igi kan hàn wá tí orí rẹ̀ ti gbẹ. Igi yẹn ti ń kú ní tòótọ́; àwọn tó yí i ká, oorun ni wọ́n ń sùn. Ojú tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà la kan hornbeam. Àwọn ló pọ̀ nínú igbó yẹn pẹ̀lú oak. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é ní beech, torí èèpo àwọn méjèèjì rí bí eérú, ó sì ń dán. Ìrudi ló kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀: ti beech gùn, ó sì na jáde bí abẹ́rẹ́, ti hornbeam sùn mọ́ ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Ara hornbeam kò rí róbótó bí òpó. Ó ní ibi tó wú àti ibi tó jìn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí iṣan apá ẹni tó ń gún iyán. Igi líle ni, wọ́n fi ń ṣe eyín ẹ̀rọ ọlọ láyé àtijọ́, wọ́n sì fi ń ṣe ìtì tí àwọn alápatà ń gé ẹran lé lórí.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ọkàn mi sì lọ tààrà sí Ọjà Bódè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bódè, eléwé ọmọ ni wọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi ni mò ń bá wọn to apẹ̀rẹ̀: èèpo ọ̀gànwó, èèpo ahùn, àti àwọn mìíràn tí mo ti gbàgbé orúkọ wọn, ẹ̀dùn ọkàn ni ìgbàgbé yẹn jẹ́ fún mi. Tí ẹnikẹ́ni bá kó ẹrù wá láti oko, wọ́n á fi èékánná họ èèpo náà, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n, kí wọ́n tó sanwó. "Ewé lẹ̀yin ọmọdé máa ń wò," ni wọ́n máa ń wí. Ogójì ọdún lé díẹ̀ ni mo ti fi wo ewé.

Ìbéèrè ọmọ mi kò sọnù. Ma gbọ́ ọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n mú ìrudi beech kan lára ẹ̀ka tó ti já, wọ́n fi abẹ pẹlẹbẹ là á ní gígùn, wọ́n sì fún un ní gíláàsì. Èmi náà wò ó. Ewé wà nínú rẹ̀! Ewé odindi, kékeré, ó funfun mọ́ ewéko, ó sì ká wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí gèlè tí wọ́n ká sínú àpótí de ọjọ́ ìnáwó. Irun múlọ́múlọ́ bò ó kí òtútù má baà mú un. Wọ́n ní láti ìgbà ooru tó kọjá, nígbà tí ewé ti ọdún yẹn ṣì wà lórí igi, ni igi ti ṣe èyí sílẹ̀. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wọ bàtà tó le lọ o. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bàtà kánfáàsì ni mo wọ̀, ẹsẹ̀ mi sì tutù wọ eegun.

Igi kan wà tí mo rò pé ó ṣe orí ire, torí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ láàárín àwọn tó ṣófo: cherry laurel. Ojú Ma yí padà. Wọ́n ní àwọn olówó tó kọ́lé sórí òkè náà lẹ́yìn tí wọ́n gbé Crystal Palace, ilé ńlá onígíláàsì, wá síbẹ̀ ní 1854 ló gbìn ín sí ọgbà wọn. Ilé ti wó, ọgbà ti di igbó, laurel kò lọ. Òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí òdòdó ilẹ̀ rí oòrùn, kò sígbà tó ń wọ́wé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó yé mi kíá. Àwa náà ní ewé Akíntọ́lá, tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ya bo oko lọ rẹrẹ. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá-takú, torí bí o bá ro ó lónìí, o ó bá a níbẹ̀ lọ́túnla. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń bá ẹgbẹ́ London Wildlife Trust, tó ti ń tọ́jú igbó náà láti 1982, hú laurel kúrò. Mo ti forúkọ sílẹ̀.

Ọmọ mi ló rí òdòdó hazel. Ti akọ, gbogbo wa rí i: ó rọ̀ wálẹ̀ bí yẹtí, ó pupa rúsúrúsú, tí o bá gbọ̀n ọ́n, lẹ́búlẹ́bú á fò. Nísinsìnyí tí kò sí ewé tí yóò dí atẹ́gùn lọ́nà ló gbọ́dọ̀ fò. Ti abo kò ju orí ìṣáná lọ. Ìrudi lásán lo máa pè é, àfi fọ́nrán pupa fòò mélòó kan tó yọ ní ṣóńṣó rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló rí i, àgbà mẹ́wàá ti kọjá lára igi náà.

Kí a tó túká, ẹnìkan bèèrè bóyá ìtàkùn ivy tó lọ́ mọ́ àwọn igi ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ma ní rárá, inú ilẹ̀ ni ivy ti ń mu omi tirẹ̀, ó kàn ń gùn ni. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, èyí tó ń mu lára igi wà, a sì máa ń pa á lówe: àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Mo ṣàlàyé bó ṣe rí lórí obì àti lórí ọsàn. Ojú wọn tàn. "Mistletoe," ni wọ́n wí, "lọ sí Bushy Park kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí."

A lọ ní oṣù Èrèlé, a wọ rélùwéè láti Waterloo lọ sí Teddington. Kò pẹ́ tí a wọlé tí mo rí i. Lórí àwọn igi lime gíga, àfòmọ́ dì ní òṣùṣù-òṣùṣù bí ìtẹ́ ẹyẹ, ewé rẹ̀ tutù, èso rẹ̀ funfun bí ìlẹ̀kẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú tilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ní ìgbà ooru, ewé lime á bò ó pátá. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Bódè lórí WhatsApp.

Ohùn Ìyá Bódè wọlé kí a tó dé ibi tí àgbọ̀nrín wà. Wọn ò kí mi tán tí wọ́n fi bèèrè: "Orí igi wo lo ti rí i?" Ẹni tó bá ń ta àfòmọ́ mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́, orí igi tó wà ni ìdajì yòókù. Mo ní lime ni, pé kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.

"Èèpo rẹ̀ ńkọ́?"

Mi ò wò ó. Orí òkè ni mo ti ń wò láti ìgbà tí a ti dé. Kí n tó yí padà, ọmọ mi ti sáré lọ sídìí igi náà, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ kan, ó ń pè mí kí n gbé fóònù wá. "Màmá Bódè," ó wí sínú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lára igi, "ó ní ìlà gígùn-gígùn, wọn ò jìn. Ó sì tutù gan-an. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n wo ìrudi rẹ̀."