Fírísà dì gbagidi, òkè ò tutù

Fìríìjì tí fírísà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ló wà níwájú mi báyìí. Ìsàlẹ̀ dì gbagidi, omi tó wà lókè ò tutù rárá. Ẹ má tíì sọ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí inú páìpù ká, ló kú o! Páìpù tó ń mú un tutù wà lẹ́yìn ike tó bo ẹ̀yìn fírísà, fáànù ló sì ń fẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ gòkè. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fa dúrọ́ọ̀ jáde, mo tú ike náà: yìnyín ti bo páìpù pátápátá, atẹ́gùn ò ríbi gbà.

Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Bí páìpù bá lu pẹ́nrẹ́n, gáàsì ti lọ nìyẹn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá rọra da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ihò tí omi ń gbà jáde lábẹ́ páìpù. Bí ihò yẹn bá dí, omi á máa dì sábẹ́ dúrọ́ọ̀.

Tó bá tún dì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wò, lẹ́yìn náà hítà tó ń yọ́ yìnyín àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó ń mọ bí ó ṣe tutù tó. Ẹ fi òkè sí 4°C, kí ẹ fi fírísà sí -18°C.