Àyẹ̀wò ọdún mi: ètò Cefalù

Ọdún tó ń lọ yìí, ohun tí mo lè nàka sí pé mo ṣe kò pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ṣì wà níbi tó wà. Ilé tí a fẹ́ rà ní Leeds níbí, owó rẹ̀ ti kọjá ọwọ́ wa. Iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọsibítù kò sì dín. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú ní ọ̀kúnkúndùn láti oṣù kejì títí dòní ni họ́lídè tí a fẹ́ lọ lò ní Cefalù, ìlú àtijọ́ kan létí òkun ní Sísílì, nílẹ̀ Ítálì. A ò tíì lọ o. Ètò rẹ̀ ni mò ń wí.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìsinmi ni ká ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé, ká náwó ẹbí títí àpò á fi gbẹ, ká sì padà dé pẹ̀lú àárẹ̀ tó ju èyí tí a gbé lọ. Nítorí náà, nígbà tí mo sọ ọ́ fún màámi lórí fóònù, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ítálì kẹ̀? Àdùkẹ́, ta ló ní kí o wá?"

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ó ti pẹ́ tí ìròyìn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń tàn lọ sí Ítálì ti ń dé etí wọn n'Íbàdàn.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi, Bàbá Ìbejì àtàwọn ọmọ la jọ ń lọ. Òkun la fẹ́ lọ wò."

"Òkun? Ṣé kò sí òkun l'Ékòó ni?"

Amalfi, ìlú etíkun mìíràn ní gúúsù Ítálì, ni Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ fẹ́, nítorí fọ́tò. Mo wo iye tí wọ́n ń gba yàrá níbẹ̀, mo wo títì kọ́lọkọ̀lọ ẹ̀gbẹ́ àpáta tí bọ́ọ̀sì ń gbà, mo rántí pé Kẹ́hìndé máa ń bì nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ Amalfi sì tán. Ọkọ̀ ojú irin dé Cefalù. Bíi wákàtí kan ni láti Palermo, olú ìlú Sísílì, èèyàn sì lè fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé etíkun.

Roger Kejì, ọba àwọn Norman ní Sísílì, ló bẹ̀rẹ̀ kàtídírà ìlú náà ní 1131. Wọ́n ní ìjì fẹ́ ri ọkọ̀ rẹ̀ lójú òkun ló fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ibi tóun bá gúnlẹ̀ sí lòun á kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Ẹ̀jẹ́ ni o, òṣèlú ni o, èmi ò bá ẹnì kankan búra. Àwòrán Jésù tó wà lókè pẹpẹ ló gbà mí lọ́kàn. Wẹ́wẹ́ gíláàsì aláwọ̀ wúrà ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, ọdún 1148 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Irun fẹ́ẹ́rẹ́ já wálẹ̀ níwájú orí rẹ̀, bí ẹni tí kò ráyè yarun. Ó ṣí ìwé sọ́wọ́ òsì, apá kan Gíríìkì, apá kejì Látìn, Jòhánù 8:12 ló sì wà níbẹ̀: "Èmi ni ìmọ́lẹ̀ ayé." Bí wọ́ọ̀dù bá pa rọ́rọ́ lóru, mo máa ń ṣí i lórí fóònù, màá fẹ̀ ẹ́ títí màá fi rí ojú gíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Ibi ìfọṣọ àtijọ́ ni mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ. Omi ń tú jáde lẹ́nu irin tó rí bí orí kìnìún, sínú àwọn ọpọ́n òkúta tí àwọn obìnrin ìlú ti ń fọṣọ. Kí wọ́n lè mọ̀ pé màmá àgbà wọn nìkan kọ́ ló fọwọ́ fọṣọ rí. Àpáta tó ga tó nǹkan bíi mítà 270 wà lẹ́yìn ìlú; Bàbá Ìbejì lóun á gùn ún láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ìparí oṣù karùn-ún la mú, nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi ráńpẹ́. Oṣù kẹjọ ò ṣeé sún mọ́: tó bá ti ku díẹ̀ kó pé Ferragosto, ìyẹn ọjọ́ 15 oṣù náà, etíkun ti kún dẹ́múdẹ́mú. Owó àjọ tí èmi àtàwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ń dá ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a.

Físà ló wá fẹ́ pa èèyàn. Pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á kàn wọlé ni. Àwa tí a bí wọn, tí a mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà aláwọ̀ ewé dání, la ó san 90 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a ó ra ìnṣọ́ránsì tó lè gbé 30,000 yúrò, tí a ó kó ìwé báńkì àti lẹ́tà ibiṣẹ́ jọ. Àwọn onífísà kì í gba ìwé ẹni tí ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ bá ṣì jìnnà ju oṣù mẹ́fà lọ. Bó ṣe di oṣù kọkànlá tí ọ̀nà là, kò sáyè mọ́ lórí kàlẹ́ńdà wọn! Nídàájí, bí mo bá ti yẹ àwọn aláìsàn mi wò tán, màá tún ṣí i wò. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí la tó rí àyè lọ tẹ̀ka.

A ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún Palermo, nítorí San Benedetto. Ọmọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni, ní San Fratello ni wọ́n bí i sí. Ó ṣe alásè nílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Fransísíkà tó wà ní Santa Maria di Gesù, ó kú ní 1589, ìjọ Àgùdà sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1807. Àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil ti sọ ọ́ di tiwọn, São Benedito ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Bàptíìsì ni mí, n kì í bẹ ẹni mímọ́ kankan, àmọ́ èyí, màá lọ kí i. Iná ba ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù jẹ́ ní oṣù keje 2023, títí kan òkú rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀.

Ìjà mọ́tò ló kù. Bàbá Ìbejì fẹ́ yá ọ̀kan ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo ní àárín àwọn ìlú àtijọ́ Ítálì ní ààlà tí àlejò kì í wakọ̀ kọjá, kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ, ìwé owó ìtanràn á sì bá a dé Leeds. Ó lóun á rò ó. Pásípọ́ọ̀tù wa ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onífísà. Hòtẹ́ẹ̀lì tí a mú ṣeé fagi lé títí di oṣù kẹrin, tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nìkan ni mi ò tíì sanwó rẹ̀.