Ìdí Igbó Mẹ́ta ní Jámánì

Àbúrò mi kan rí fídíò lórí fóònù rẹ̀ pé Jámánì ti gbà kí ènìyàn máa gbin igbó sínú ilé, ló bá pè mí. Kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà mi. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀nà ti là nìyẹn o!" Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà pè, ṣùgbọ́n ohùn tiwọn yàtọ̀: "Ọmọ mi, wọ́n ní ìlú tí o wà ti bàjẹ́ pátápátá. Má jẹ́ kí wọ́n kó bá ẹ o." Ọ̀kan rò pé mo ti dolówó, èkejì rò pé orí mi ti fẹ́ dàrú. Bẹ́ẹ̀ ìdí igbó mẹ́ta péré ni mo ní, àwọn lẹ́tà tí mo sì ti gbà nítorí wọn ti fẹ́ pọ̀ ju ewé wọn lọ.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe pé wọ́n bú mi. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn méjèèjì rò pé ibi tí kò sí òfin ni mo wà. Èmi tí mo ń ka òfin lórí ohun tí mo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi!

Ti ilé, ní Nàìjíríà, kò ní pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí gbogbo wa la jọ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń mu igbó nílé, ọmọọ̀ta ni, ìbáà jẹ́ lọ́yà, ìbáà jẹ́ olùkọ́. Àwọn òpìtàn kan sọ pé àwọn ọmọ ogun wa tó ti Bọ́mà bọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó gbé e wọ̀lú. Nígbà tó fi máa di 1966, ìjọba ológun ti ṣòfin pé ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ni ti ẹni tó bá gbìn ín. Wọ́n dẹ òfin náà ní 1975, ṣùgbọ́n èyí tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 ṣì gbé ẹ̀wọ̀n gbére ka orí ẹni tó bá gbin òògùn olóró. Ẹ wá wò ó: ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018 lórí lílo òògùn olóró sọ pé bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ló fẹ́ gbà wọ́n? Ní 2019, Rotimi Akeredolu tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà àti ọ̀gá àgbà NDLEA rìnrìn àjò lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìṣègùn. Ariwo sọ, gómìnà ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Àjọ náà ṣì ń dáná sun oko igbó nínú ẹgàn Oǹdó títí dòní.

Kí ló tilẹ̀ fẹ́ gbé ènìyàn dé ìdí à ń gbin igbó sínú yàrá nílé? Gígùn ọ̀sán àti òru ni irúgbìn yìí fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó rúwé àti ìgbà tó yẹ kó tanná. Tí òru bá ti gùn tó bíi wákàtí 12, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òdòdò. Ọ̀sán àti òru ilé wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ jálẹ̀ ọdún, oòrùn sì wà nílẹ̀. Níbí, tó bá di oṣù Kejìlá, ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ti ṣú kí n tó dé. Nítorí náà inú àgọ́ aláṣọ dúdú kan ni tèmi wà, pẹ̀lú gílóòbù LED, fáànù kékeré, àti asẹ́ eléèédú tó ń gba òórùn. Wákàtí 18 ni iná fi ń tàn lójúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń dàgbà. Tó bá tó àkókò pé kí wọ́n tanná, màá dín in sí 12. Ojúmọ́ tí Ọlọ́run ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń ta iná mànàmáná ni mo ti ń rà á. (Ẹ má rò pé mo ń fi iná tí kì í lọ ṣe fọ́ńté. Ẹni tó bá rí bíìlì rẹ̀ kò ní jowú mi.)

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tó ń ta mí.

Òfin tuntun náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àgbàlagbà tó ti pé ọdún 18, tó sì ti ń gbé ní Jámánì fún oṣù 6 ó kéré tán, lè gbin ìdí mẹ́ta sínú ilé rẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ó lè tọ́jú gíráàmù 50 tó ti gbẹ sílé, ó sì lè mú 25 dání jáde. Tí tilé bá lé ní 50 tí kò tíì kọjá 60, owó ìtanràn ni. Tó bá ti kọjá 60, ẹjọ́ ọ̀daràn ti dé nìyẹn. Ìdí kẹrin, ẹjọ́ ọ̀daràn ni òun náà. Ọmọdé kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kàn án, àlejò kò gbọdọ̀ lè fọwọ́ kàn án, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ yàrá mi kì í kúrò lápò mi. Ọmọ onílẹ̀ lè ṣe àṣìṣe, kó sanwó, kó gbàgbé. Èmi tí mo ní láti máa sọ ìwé ìgbélùú mi di ọ̀tun kò lè fi ìdí kẹrin ṣeré. Tèmi á wọ inú fáìlì, mi ò sì mọ ẹni tó máa ṣí fáìlì náà lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ gbọ́ èyí tó jọ àlọ́. Ìdí igbó kan ṣoṣo, tó bá rí ìtọ́jú, lè mú ju gíráàmù 50 lọ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Òfin yìí kan náà ló sì gbà mí láyè mẹ́ta. Kí ni kí n wá fi ìyókù ṣe? Kí n tà á? Ó léèwọ̀. Kí n fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ? Ìyẹn náà léèwọ̀, kódà kí n má gba kọ́bọ̀ kan. Ìdáhùn ìjọba ni pé kí n bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ń jókòó ti òṣùwọ̀n tí mo bá kórè: màá wọ̀n, màá yọ díẹ̀, màá tún un wọ̀n, èyí tó bá lé màá rún un mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó rin, kí ó má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tòmátì tí mo gbìn sójú fèrèsé, mo ń pín in fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Inú wọn máa ń dùn, ibẹ̀ la sì ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tí mo ṣe wàhálà lé lórí jù lọ ni mi ò gbọdọ̀ fún ẹnì kankan.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, kí wá ni èrè ẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò fẹ́ dá a lóhùn pé mo ń mu ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń mu díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èrè tí mo rí níbẹ̀ ni pé nǹkan kan wà nínú ilé yìí tí kò lè wà láìsí mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ènìyàn kì í jẹ́ kí ẹ sinmi, ẹ ò lè mọ irú ọjọ́ Àìkú tí à ń sọ. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, àdúgbò pa lọ́lọ́, ariwo pàápàá léèwọ̀. Mo lè ti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Ohun tí mò ń ṣe nígbà náà ni pé màá bomi rin wọ́n, màá yẹ ẹ̀yìn ewé wọn wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, màá sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ ènìyàn, kí n wọ ẹgbẹ́. Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni òfin ti gbà kí wọ́n máa dá ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń gbin igbó sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ ní ju ọmọ ẹgbẹ́ 500 lọ. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Nígbà tí mo kà á síwájú ni mo rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ mu ún nínú ọgbà ẹgbẹ́ tàbí ní sàkáání rẹ̀. Ẹ wá gba tiyín, kí ẹ máa lọ sílé yín. Ẹgbẹ́ amugbó tí wọn kì í jókòó mu igbó pọ̀! Irú ẹ̀ kò lè wà nílé láéláé, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Ti òórùn ló wá burú jù. Nígbà tí wọ́n bá tanná, òórùn wọn le gan-an. Asẹ́ eléèédú ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, ṣùgbọ́n èédú náà ń gbó. Gbogbo nǹkan nínú òfin yìí ló ní nọ́ńbà: mẹ́ta, 18, 25, 50, 60. Òórùn nìkan ni kò ní. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọ̀gbìn mi kò gbọdọ̀ di ìyọlẹ́nu tó kọjá ohun tí aládùúgbò lè fara mọ́. Kí ni aládùúgbò mi lè fara mọ́? Ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn wà.

Ẹni tó ń gbé lókè mi kò kanlẹ̀kùn mi. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ilé wa, àwọn yẹn kọ lẹ́tà sí mi, èmi náà kọ èsì, wọ́n ní èsì mi kò kún tó, mo tún kọ òmíràn, mo fi àwòrán asẹ́ tuntun sí i. Nínú gbogbo oṣù tí ìwé ń lọ tí ìwé ń bọ̀ yẹn, èmi àti ọkùnrin náà ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Á kí mi, màá kí i, a ó sì kọjá lára ara wa. Kò dijú, kò bínú. Mo kúkú fẹ́ kó bínú! Ká ní ó kanlẹ̀kùn, ǹ bá fi àgọ́ náà hàn án, ǹ bá sún un lọ sí igun kejì, ọ̀rọ̀ á sì parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nílé, aládùúgbò á ti wọlé kó tó kanlẹ̀kùn. "Ẹ kú ilé o! Kí ló ń rùn báyìí?" Kò sí lẹ́tà. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò á ti gbọ́. Tó bá sì bọ́ sí etí ẹni tí kò fẹ́ràn mi, ọkọ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn kò ní gbé òṣùwọ̀n dání. Bóyá ìdí kan ni, bóyá ọgọ́rùn-ún ni, ohun tó bá wù ú ló máa pè é, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ láàárín wa ló sì máa sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀wọ̀n gbére tó wà nínú ìwé, àwọn tálákà tó ń ro oko nínú ẹgàn ló sábà máa ń bá.

Ibi tí èmi àti àwọn ará ilé kò ti lè gbọ́ ara wa yé nìyí. Wọ́n ní, "Òmìnira ni ẹ wà yẹn." Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òmìnira. Àyè ni wọ́n fún mi, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Tí mo bá mu ún lónìí, mo ní láti ronú lórí ọkọ̀ wíwà, torí láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nánógíráàmù 3.5 THC, èròjà inú igbó tó ń pani, nínú mìlílítà kan omi ara ẹ̀jẹ̀ ni òpin tí òfin fi sí i fún ẹni tó ń wakọ̀, ó sì lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu ún déédéé. Mo ti kúkú fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀. Mi ò gbọdọ̀ mu ún níbi tí wọ́n bá ti lè máa wò ó láti ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba tó dé ní 2025 sì ti ní àwọn máa tún òfin náà gbé yẹ̀ wò, nítorí náà àyè náà lè dín kù.

Síbẹ̀, lẹ́tà tí mo ń ráhùn lé lórí yìí, ó ní déètì. Ó ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó ní apá òfin tó gbé e lé, ó ní ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì padà, tí kò bá sì tẹ́ mi lọ́rùn mo lè gbé e lọ bá lọ́yà. Kò sí ẹni tó gbá mi létí rí nítorí ewé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n padà wálé kí n tó bàjẹ́. Mo fẹ́ràn wọn, ohùn wọn lórí fóònù sì ń ṣe mí ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan láàárín ọkùnrin òkè tí kò bá mi sọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin òkè ni màá mú, kí n sì máa bá ìdákẹ́jẹ́ mi yí.

Lẹ́yìn ìkórè yìí, ìdí kan ṣoṣo ni màá gbìn. Kò bọ́gbọ́n mu kí n máa sanwó iná lórí ohun tí màá padà rún mọ́ iyẹ̀pẹ̀, òórùn ìdí kan sì rọrùn fún asẹ́ mi. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ilé. Wọ́n dáhùn pé àwọn fẹ́ wá fi ojú ara àwọn rí i, wọ́n sì dá ọjọ́ àti wákàtí. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, mo sì ní kí wọ́n mú aládùúgbò òkè náà dání.